Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi tó mọ òórùn wáyà

Bọ̀dá mi,

Òórùn ló mú mi kọ ìwé yìí. A ti wọ bàálù tán ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti de bẹ́líìtì, pásítọ̀ tó jókòó tì mí ti gbàdúrà ìrìn-àjò, ni iná inú ọkọ̀ bá ṣẹ́jú, ẹ́síì dákẹ́. Kò pẹ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn lókè orí wa. Rọ́bà wáyà ni. Mo dìde. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò ní kí n jókòó, pé kò sí nǹkan kan. Mo ní mi ò jókòó, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ oníṣẹ́ iná bàálù ti kọ́ mi. Wọ́n kúkú sọ gbogbo wa kalẹ̀ nígbẹ̀yìn, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Mọ́tò ni mo wọ̀ dé Àbújá.

Gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù kí bàálù má baà já láti òkè. Ẹ̀yin, èyí tó dúró jẹ́ẹ́ nílẹ̀ ló máa ń bà yín lẹ́rù. Mo rántí Àjíǹde 2013, tí ẹ ń ṣàlàyé ti Boston fún wa nídìí iyán títí ọbẹ̀ fi tutù. Boeing 787 tuntun ti Japan Airlines, tó ti Tokyo dé lọ́jọ́ 7 oṣù kìíní. Èrò ti bọ́ sílẹ̀ tán, àwọn tó ń tún inú ọkọ̀ ṣe ló rí èéfín. Ẹ ní ojú mẹ́jọ ni bátìrì lithium náà ní, pé ọ̀kan ṣoṣo ló dàrú nínú ara rẹ̀ tí ooru rẹ̀ fi ran ìkejì, tí ìkejì ran ìkẹta. Nígbà tó di ọjọ́ 16, bátìrì 787 ti ANA, iléeṣẹ́ bàálù Japan mìíràn, náà yọnu lófurufú, wọ́n sáré sọ̀ ní Takamatsu ní Japan níbẹ̀. Bí Amẹ́ríkà ṣe ní kí 787 má fò mọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ ń sọ ọ́ yẹn gan-an, wọ́n ṣì wà nílẹ̀.

Ní oṣù keje, ẹ pè mí láti Ìkẹjà, ẹ ò tilẹ̀ kí mi. “Òmíràn ti jó ní Heathrow!” Ní London nìyẹn, 787 ti Ethiopian Airlines, tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn lẹ sọ fún mi pé wáyà bátìrì ẹ̀rọ tó máa ń ké síta bí ọkọ̀ bá já ni ìdérí tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wáyà fi kan wáyà. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí yín. Ohun tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀ tó sọnù ló fẹ́ sun ọkọ̀ tó wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ṣọ́ọ̀bù Yèyé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, ní Ọjà Ọba. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn firísà ẹja, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yára fà á. Ojú rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ara plọ́ọ̀gì. Ẹ gbé imú sí i. Ẹ gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ẹ fa òbírí yí i ká lára ògiri, ẹ ní, “Bí mo bá ti Èkó dé, màá yọ ọ́.” Wọ́n ti pè yín, iná bàálù kan ń ṣe ségesège, èrò ń dúró. Sukudiráífà kan àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, Bọ̀dá. Kò gbà ju àkókò tí ẹ fi jẹ mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ yẹn lọ.

Ẹja jóná, firísà jóná, owó àjọ tó wà lábẹ́ káńtà náà jóná. Ẹ ra firísà tuntun ránṣẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ò wá. Ó di Kérésì kí a tó rí yín, Yèyé gúnyán fún yín, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ ìbò lẹ ń sọ. Kò sí ẹni tó kú, mo gbà. Àmọ́ àlejò lẹ máa ń gbóòórùn fún, kì í ṣe àwa.

Ẹ ti re ọ̀run kí ti Busan ní Korea tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù kìíní 2025. Bàálù Air Busan fẹ́ gbéra lọ sí Hong Kong, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí lókè orí èrò. Èèyàn 176, gbogbo wọn ló jáde, òrùlé ọkọ̀ jó lu. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ power bank. Láti oṣù kẹta ọdún yẹn, Korea ò jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè níbẹ̀ mọ́. Ó wù mí kí n gbọ́ èébú tí ẹ̀ bá bú wọn.

Ilé tí mo rẹ́ǹtì sí ní Baṣírì, l'Adó-Èkìtì, iná ibẹ̀ máa ń wá tagbáratagbára. Lánlọ́ọ̀dù ní bí n bá fẹ́ tún wáyà rà, owó mi ni. Mo pe rewáyà kan, ó ká wáyà mẹ́ta pọ̀ sí ojú fíúùsì, ó ní kò ní já mọ́ láé. Mo ní iṣẹ́ fíúùsì ni pé kó já. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mummy, ẹ fẹ́ràn òkùnkùn.” Mo ti yọ plọ́ọ̀gì firísà. Àbíkẹ́yìn mi náà ní Zaria lòun ń lọ, ilé ẹ̀kọ́ bàálù tí ẹ lọ, pé ọjọ́ kan òun á máa ti ilé lọ síbi iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ọ̀nà Ìjàn tí wọ́n ṣí ní 2022. Mi ò tíì mọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá.

Ìyàwó yín ń wá ẹni tí yóò ra irinṣẹ́ yín. Mo ní kó gbé e fún ọmọ náà. Ó bi mí pé èló ni mo máa san. Bí ọ̀nà bá wà tí ẹ lè gbà yọ sí i lójú àlá, ẹ bá a sọ ọ́, torí bí ó bá ku èmi àti ẹ̀, a ò ní sọ ọ́ ní tútù.

Àbúrò yín.