Ẹ̀yìn ìgbà tí ère Bamiyan wó ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá, ògì ni mò ń mu nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ní “àwọn Mùsùlùmí” ló wó ère Búdà ńlá méjì tó wà ní Bamiyan, nílẹ̀ Afghanistan. Kí n tó gbé ife sílẹ̀, ẹnì kan ti tẹ̀ wọ́n láago, ó ní kí ló dé tí wọ́n ń pariwo, ṣebí òkúta lásán ni. Ògì náà ò wọlé mọ́.

Mùsùlùmí ni mí, ìtàn ni mo sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. Àwọn Hazara, ẹ̀yà tó ń gbin ọ̀dùnkún lábẹ́ òkè tí àwọn ère náà wà, kí ni ẹ̀sìn wọn? Mùsùlùmí ni wọ́n. Àtayébáyé ni wọ́n ti ń bá àwọn ère náà gbé, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, Salsal àti Shahmama, wọ́n sì ń pìtàn ìfẹ́ àwọn méjèèjì fún ọmọ wọn. Mullah Omar gan-an, olórí Taliban tó ń ṣàkóso Afghanistan nígbà náà, lọ́dún 1999, òun ló ní kí wọ́n dáàbò bo àwọn ère náà. Òun kan náà ló yíhùn padà lóṣù Kejì 2001, ó ní kí wọ́n wó wọn. Àwọn aáfà ńlá gbéra láti Íjíbítì lọ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ẹ má wá di ẹrù ẹnì kan lé gbogbo wa lórí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí inú ń bí mi sí jù ni àwọn ọ̀gá UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ogún aráyé, tí wọ́n ń wọ kóòtù ṣèpàdé. Oṣù Kẹta 2001 ni ère wó. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àfonífojì Bamiyan mọ́ àwọn ogún gbogbo aráyé. Ọdún méjì lẹ́yìn tó ti wó! Ta ló ń ra oògùn fún òkú? Láti ìgbà náà, ìpàdé lórí ìpàdé: ṣé ká tún un mọ ni, àbí ká fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ fi ihò sílẹ̀, ó ti tán.

Òkúta lásán kọ́ o. Èyí tó tóbi jù ga tó mítà 55, ìkejì 38. Ẹni tó bá mọ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, kó fojú dá a sí méjì, kó tún fi díẹ̀ lé ìdajì kan: ìyẹn ni Salsal. Láti ara òkè ni wọ́n ti gbẹ́ wọn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ọ̀ọ́dúnrún. Wọ́n kan èèkàn mọ́ òkúta, wọ́n ta okùn, wọ́n wá fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ koríko gbígbẹ rẹ́ ẹ, títí tó fi rí bí aṣọ tó ṣẹ́ léra. Ẹni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ po amọ̀ ilé rí mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí Xuanzang, àlùfáà Búdà láti Ṣáínà, gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ọdún 630, ó ní ńṣe ni wọ́n ń dán bíi wúrà. Àwọn ọmọ ogun yin ìbọn ńlá lù wọ́n títí, wọn ò wó. Ó di ìgbà tí wọ́n fi okùn sọ èèyàn kalẹ̀ láti lọ ki bọ́ǹbù sí wọn lára.

Àbá mi rèé, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Lọ́dún 1970, Robert Kostka láti Austria fi kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ya àwọn ère yìí. Ọwọ́ àwòrán rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ní Zurich ń wò nígbà tí wọ́n tún ère kọ́ sórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tó wó. Ẹnì kan péré ló ya àwòrán o! Ó ju gbogbo ìpàdé wọn lọ. Kí wọ́n kó owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀gá wọ̀nyí fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń wọn ère, bí a ṣe ń yà á níwá, lẹ́yìn, lókè, kí wọ́n máa sanwó oṣù fún wọn, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta ó kéré tán. Kí wọ́n ti Mes Aynak bẹ̀rẹ̀, ìlú Búdà àtijọ́ ní Afghanistan kan náà, tí bàbà pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti fọwọ́ síwèé láti 2008 pé àwọn yóò wà á. Kí wọ́n ṣe é kó tó wó o, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún méjì.

Àwọn tó jí ère àfọ́kù Bamiyan tà, kí wọ́n dá a padà.

Àwòrán Salsal kan wà lọ́wọ́ mi, tí mo gé nínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Ọkùnrin kan dúró nísàlẹ̀ ère náà, àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa rò pé èèrà ló kú sórí bébà, wọn a máa fi èékánná ha á. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa bá fẹ́ rí i, kó yà lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsẹ́yìn.