Ẹ Bi Wọ́n Kí Ẹ Tó Fa Ìlà Pupa

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ìnira ọ̀nà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti afárá tí a ń gbà wọ Abuja pa fún àtúnṣe, mi ò kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí kí ó má fi ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá mi lóhùn. Ará Mararaba ní kò sí ohun tí ojú òun ò rí, ará Nyanya ní ti àwọn ló burú jù, ará Karu sì ní kí gbogbo wa dákẹ́.

Àwọn kan wá bá mi pé kí n kéde àwẹ̀ kí iṣẹ́ afárá náà lè tètè parí. Àdúrà ni mo bá wọn gbà, pé kí Olúwa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun òkè níbẹ̀. Àwẹ̀ ni mi ò kéde. Kọnkéré tí wọ́n bá dà lónìí, nǹkan bí ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà máa ń kà fún un kí ó tó le tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Mi ò sì fẹ́ kí a bẹ Ọlọ́run pé kí tírélà gun èyí tí kò tíì le.

Inú ń bí àwọn mìíràn pé kí ló dé tí wọn ò ṣí apá kan sílẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2007, ní ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń tún ojú ọ̀nà orí afárá ńlá kan ṣe. Wọn ò tì í pátápátá. Wọ́n ti apá kan, wọ́n kó yanrìn àti òkúta tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jọ sórí rẹ̀, ọkọ̀ sì ń kọjá lápá kejì. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé, afárá náà já wọ odò Mississippi tòun tọkọ̀ tòun tèèyàn. Ẹni 13 ló kú, àwọn tó farapa lé ní 100. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi so ọ̀pá irin rẹ̀ pọ̀ ti tín-ín-rín jù láti ìgbà tí wọ́n ti yàwòrán rẹ̀. Ogójì ọdún ni ọkọ̀ sì ti ń gun orí rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án 2008 ni wọ́n tó ṣí òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Jẹ́bà lọ sílé náà kò ní gbàgbé ọdún 2017, nígbà tí àgbàrá òjò gbé afárá Tatabu lọ láàárín Mokwa àti Jẹ́bà. Afárá tí wọ́n tì mọ́ wa lójú, tí wọ́n ń tún ṣe, sàn ju èyí tí omi gbé lọ lójijì. Nítorí náà n kò ní fi ìwé ọ̀sẹ̀ yìí bá ìjọba jà. Ẹ̀yin ọ̀gá ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá ni ẹ́ bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wuse tí ọmọbìnrin kan ń bá yín tajà níbẹ̀. Ọ̀gá ni ẹni tó ní ilé-ẹ̀kọ́ tí tíṣà mẹ́fà ń kọ́ni níbẹ̀. Ìyá tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń wá bá ṣiṣẹ́ ilé láàárọ̀, ọ̀gá ni òun náà, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ń sá fún ọ̀gá tirẹ̀ níbi iṣẹ́.

Nínú ìwé Mátíù orí 20, baálé ilé kan jáde lọ sí ọjà ní wákàtí kọkànlá, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, ó sì bá àwọn ènìyàn tí wọ́n dúró láìríṣe. Owó idẹ kan ṣoṣo tó san fún ẹni tó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ àti ẹni tó ṣe é fún wákàtí kan ni a sábà máa ń wàásù lé lórí, àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ sì máa ń jọ wá lójú bí aláìmoore. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ wo ohun tó ṣe kí ó tó mú owó jáde. Ó bi wọ́n léèrè. Ó ní kí ló dé tí ẹ fi dúró láti àárọ̀? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ó gbà wọ́n gbọ́, ó ní kí wọ́n máa lọ sínú ọgbà àjàrà. Kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí wọ́n lọ mú ẹlẹ́rìí wá.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ìlà pupa tí wọ́n máa ń fà sínú ìwé ìfọwọ́sí láàárọ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìlà náà ti di apẹ́lẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé aago mẹ́rin ìdájí ló kúrò nílé. Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, ìlà pupa náà máa ń dé inú owó oṣù. Wọ́n á yọ díẹ̀ lónìí, wọ́n á yọ díẹ̀ lọ́la, nígbà tí oṣù bá parí, owó tó yẹ kí obìnrin kan fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ti wà lápò ọ̀gá tó ń gbé Maitama. Ìwé Léfítíkù 19:13 ní owó iṣẹ́ alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́ di òwúrọ̀. Owó tí ẹ yọ nítorí afárá, ibo ló sùn?

Ẹ rántí ibi tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń bọ̀. Láti ọdún 1991 tí olú-ìlú ti kó dé Abuja, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbá ìlú yìí, tó ń ṣọ́ géètì rẹ̀, tó ń se oúnjẹ rẹ̀ ló lè háyà yàrá nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn, ní Mararaba àti Masaka, kí wọ́n tó tún jí wọ Abuja. Wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò nínú ìgboro láti 2006. Reluwé ìlú tí wọ́n tún ṣí ní oṣù karùn-ún 2024 ń gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú lọ, kò yà sí Nyanya. Láti 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, ẹ mọ iye tí owó ọkọ̀ ti dà. Ẹni tó san owó yẹn, tó jókòó nínú ooru, tó tún fi ẹsẹ̀ rìn láti Kugbo nígbà tí ọkọ̀ kò sún mọ́, ẹ wá fa ìlà pupa fún un?

Mo mọ̀ pé oníbàárà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbé nítòsí máa ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó ń gbé lọ́nà jíjìn dé nígbà tí ọ̀nà bá ti ṣí díẹ̀, kí òun sì tì í nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fún un lọ́jọ́ kan tàbí méjì nílé. Mo ti bá alàgbà kan sọ ọ́ nínú ìjọ yìí, ó sì ti ń ṣe é. Ó ní ìsọ̀ òun kò wó.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ náà, ẹ dákun, ẹ má fi afárá bo oorun mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé Asókòrò, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Asókòrò, afárá wo ló dá a dúró? Ẹ̀yin lẹ máa ń ba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ òótọ́ jẹ́.

Nínú ilé náà, ẹ̀yin ọkọ, mo fẹ́ bi yín léèrè. Ta ló ń kọ́kọ́ jí? Ìyàwó yín ń ti ojú oorun bọ́ sí ìdí sítóòfù, ó ń wẹ àwọn ọmọ, ó ń di oúnjẹ sínú kúlà, ó tún ń sá lọ sídìí ọkọ̀ ní ìdájí, ẹ̀yin sì ń wá ìbọ̀sẹ̀. Kí ẹ wẹ ọmọ méjì, kí ẹ sì lọ aṣọ ilé-ìwé, kò dín ipò yín kù. Ìyá tó bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sùn sí i lè má kígbe mọ́ ọmọ lálẹ́. Ẹ sì má tìtorí àdúrà ìdílé jẹ gbèsè oorun. Ẹ lè gbàdúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ọkọ̀, nígbà tí kò bá kúkú sún.

Ìkánjú ló ń ba ènìyàn jẹ́ lójú ọ̀nà yìí. Nítorí pé bọ́ọ̀sì kò sí, ẹ má bọ́ sínú ọkọ̀ àdáni kankan tó bá ṣáà ti fọn fèrè ní oríta Berger tàbí ti AYA. Àwọn oní wan-ṣáǹsì mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ má gba òdì. Mo gbọ́ pé sítíkà ìjọ wa wà lára mọ́tò kan tó ń forí kan èrò. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà Road Safety ni 122.

Kí n tó máa sọ fún ọ̀gá ẹlòmíràn, ìjọ náà ti wo inú ara rẹ̀. Ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì Ọjọ́rú kò ní wáyé nínú ilé ìjọsìn mọ́ títí afárá yóò fi ṣí. Ilé tó sún mọ́ yín ni ẹ ó ti máa ṣe é, ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé ti lẹ àdírẹ́sì mọ́ ara pátákó. Owó ìtanràn tí ẹgbẹ́ akọrin ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé ìdánrawò, a ti dá a dúró. Olórí akọrin kò fẹ́ràn rẹ̀, a ti jọ sọ ọ́. Àwọn olùtọ́jú èrò kò gbọdọ̀ tún dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pé ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un lómi, ẹ wá àga fún un.

Ẹni tó bá ní àyè nínú mọ́tò rẹ̀ láàárọ̀, láti Mararaba, Nyanya tàbí Karu wọ inú ìlú, kí ó kọ orúkọ, àkókò tó ń kúrò nílé àti ibi tó ń lọ sínú ìwé tó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ náà, kí ó kọ tirẹ̀ sí ojú ewé kejì. Ìyá àgbà tó ń ṣètò rẹ̀ yóò so yín pọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ẹ má tíì lọ sílé.