Lẹ́tà sí Káyọ̀dé: bí énsáìmù bá kọ̀ tí kò gé ńkọ́?

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. O ní báwo ni énsáìmù, pròtéènì tó ń gé DNA, ṣe ń mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo yí padà nínú DNA. Jẹ́ ká fi fòníkú-fọ̀ladìde ṣe é. Òun náà ni wọ́n fi PCR, ọgbọ́n tí a fi ń ṣe ẹ̀dà ègé DNA kan lọ́pọ̀lọpọ̀, yẹ̀ wò ní 1985.

Ní kódọ́ọ̀nù 6 (ọ̀wọ́ lẹ́tà mẹ́ta kẹfà) jíìnì beta-globin, tó ń ṣe apá kan hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀, GAG ló yẹ kó wà, bó ṣe wà lára A. Ti S, jíìnì fòníkú-fọ̀ladìde, ti di GTG. Ojú kan ṣoṣo tí énsáìmù DdeI ń wá ni CTNAG, N yẹn ì báà jẹ́ lẹ́tà yòówù. Ó rí CTGAG lára A, á gé e. CTGTG ló bá lára S, á kọjá lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àìgé ni àmì S, bẹ́ẹ̀ énsáìmù tó ti bàjẹ́ náà kì í gé nǹkan. Nítorí náà, yan praimà rẹ (ègé DNA kéékèèké méjì tó ń pààlà ibi tí PCR máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀) kí ègé DNA náà ní ojú CTNAG mìíràn tí kì í yẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Ká ní ègé náà jẹ́ lẹ́tà 260: ojú kejì yẹn á yọ 60 kúrò, á ku 200. Ti AA á pín sí 120 àti 80, ti SS á dúró ní 200, AS á ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí 260 bá ṣì hàn lórí jẹ́lì, ibi tí a ti ń ya àwọn ègé DNA sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe gùn tó, má ka èsì kankan. AA tí kò gé tán lè jọ AS.

Po èso PCR máíkrólítà 10, bọ́fà onílọ́po 10 (omi oníyọ̀ tí énsáìmù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) máíkrólítà 2, àti omi; DdeI yúnìtì 10 ni kó kẹ́yìn, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ máíkrólítà 20. Wákàtí kan ní 37°C, lẹ́yìn náà gbé e sórí jẹ́lì agarose 3%. Kí énsáìmù má ju máíkrólítà 2 lọ o: glycerol inú rẹ̀ (omi kíki tí wọ́n fi ń tọ́jú énsáìmù), tó bá ti ju 5% lọ, lè mú kó máa gé ibi tí kò kàn án.

C, irú jíìnì yìí mìíràn, ńkọ́? GAG tirẹ̀ di AAG, ojú náà di CTAAG, DdeI á ṣì gé e. AC á jọ AA, SC á jọ AS! Èmi ò ní fi jẹ́lì yìí nìkan fọkàn tọkọtaya balẹ̀ láé. Kí àyẹ̀wò hemoglobin fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Máa fi AA, AS àti SS tó o ti mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú túùbù kan tó o fi omi lásán rọ́pò DNA nínú rẹ̀. Bí omi lásán bá mú ilà jáde, DNA ibòmíì ti wọnú túùbù. Dà á nù, tún un ṣe.

Fi fọ́tò jẹ́lì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Délé