Mélòó Nínú Oògùn Náà Ló Ń Dé Inú Kókó Jẹjẹrẹ?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn èérún tíntìntín tí wọ́n fi pólímà ṣe (èròjà tí ọ̀pọ̀ ẹyọ kéékèèké so pọ̀ di) àti àwọn dendrimer (pólímà tó yọ ẹ̀ka bí igi) tí wọ́n fi ń gbé oògùn lọ bá àrùn jẹjẹrẹ, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé tààrà ni oògùn náà ń lọ sínú kókó jẹjẹrẹ, tí kì í yà síbòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé aláìsàn tó bá kà á lè gbé ọkàn rẹ̀ lé ohun tí kò tíì sí.

Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni dendrimer. Nínú PAMAM, irú dendrimer kan tí Donald Tomalia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ Dow ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1985, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń là sí méjì ní ìpele kọ̀ọ̀kan, débi pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí ẹ̀ka 4 yóò ti ní 64 bó bá fi máa dé ìpele kẹrin, síbẹ̀ kò ní fẹ̀ ju nǹkan bíi nánómítà 4 sí 5 lọ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan). Orí àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí ni wọ́n ń so oògùn mọ́, àti folic acid, fítámì kan tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń fà mọ́ra. Àmọ́ bí orí ẹ̀ka náà bá jẹ́ amine (àkójọ átọ́ọ̀mù tó ní nitrogen nínú) tí a kò fi nǹkan bò, ó lè dá ara sẹ́ẹ̀lì lu, kí ó sì ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni inú ẹ̀jẹ̀. Kété tí èérún bá ti wọ ibẹ̀ ni àwọn purotéènì yóò ti bò ó, tí ẹ̀dọ̀ yóò sì gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ mú. Ní 2016, Stefan Wilhelm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ lórí oríṣiríṣi èérún báyìí lára ẹranko, ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí ní agbedeméjì, èyí ni pé nínú ìdajì àwọn àyẹ̀wò náà, ohun tó dé inú kókó jẹjẹrẹ kò tó 7 nínú ẹgbẹ̀rún èérún tí wọ́n fún ẹranko náà.

Èyí kò sọ iṣẹ́ náà di asán. Doxil, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ doxorubicin tí wọ́n dì sínú àpò tíntìntín, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1995 (ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe àpò tirẹ̀, kì í ṣe pólímà), dín ìpalára tí doxorubicin ń ṣe fún ọkàn kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè mú kí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ aláìsàn pọ́n, kí ó sì máa bó. Lójú tèmi, àǹfààní tó dájú jù ni ti ẹ̀yà ara tí oògùn kò bà jẹ́ mọ́, èyí sì tó ohun tí à ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń fọ̀rọ̀ wá àwọn onímọ̀ lẹ́nu wò, ẹ bá wa bi wọ́n pé ìdá mélòó ló dé inú kókó náà, ibo ni ìyókù gbà lọ, àti pé ṣé ara eku ni wọ́n ti rí i tàbí ara ènìyàn, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde pẹ̀lú ìròyìn náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín