Ilé Mẹ́ta tí Ọlọ́hun Yàn fún Oyin

Ọ̀rọ̀ Ìmáámù fún ọ̀sẹ̀ yìí

Àsàlámù àléékúm, ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́hun.

Iléyá ti dé tán. Lọ́jọ́ Àlàádì tó ń bọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wa yóò tún ilẹ̀ Yídì ṣe, mo sì fẹ́ kí á jọ sọ bí a óò ṣe tún un ṣe láì ba ilé oyin jẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó mú àdá tàbí ìṣáná lọ́wọ́.

Láti 2018 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń ya ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún sọ́tọ̀ fún kòkòrò oyin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Súrà kan ti ń jẹ́ orúkọ oyin nínú Alùkùráánì kí ẹnikẹ́ni tó ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un. Súrà Kẹrìndínlógún ni. Ní áyà 68 àti 69, Ọlọ́hun sọ pé Òun fi mọ kòkòrò oyin pé kó mú ilé nínú òkè, nínú igi, àti nínú ohun tí ọmọ ènìyàn ń kọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ó wá ní kó jẹ nínú gbogbo èso, kó sì máa tọ ọ̀nà tí Olúwa rẹ̀ ti là sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni ohun mímu aláràbarà wá ń jáde láti inú rẹ̀, tí ìwòsàn wà nínú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ilé ló ṣáájú, oúnjẹ tẹ̀ lé e, oyin tí àwa ń wá ló kẹ́yìn. Àwa ti dorí ètò yẹn kodò. Oyin tí a ó lá ni ojú wa kọ́kọ́ ń rí, tí a bá sì ti rí i, a ó tiná bọ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé yìí ló ń dùn mí.

Ti òkè kò gba àlàyé púpọ̀. Òkè-Ògùn ni à ń gbé. Láti Àdó-Àwáyè títí dé Ìgbẹ́tì, àpáta ló yí wa ká, oyin sì ti wà nínú pàlàpálá wọn kí àwọn baba ńlá wa tó tẹ̀dó. Iná ìgbẹ́ ló ń lé wọn níbẹ̀, n óò sì dé orí iná.

Ti igi ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Igi tó ti dàgbà, tí ihò ti wà lára rẹ̀, ni oyin ń wọ̀. Kì í ṣe oyin tó ń ta ènìyàn nìkan. Àwọn oyin kéékèèké dúdú tí kò lè ta ẹnikẹ́ni, tí wọ́n máa ń fi ìda kọ́ ọ̀nà tín-ín-rín sẹ́nu ihò, inú irú igi bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé. Igi ọdún méjì mẹ́ta kò ní ihò tí wọ́n lè wọ̀. Igi ńlá yẹn gan-an ni àwọn tó ń sun èédú náà ń wá: irúgbá, àti igi ẹ̀mì tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Ẹ̀mì a máa lò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà mìíràn a lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹni tó bá gé ọ̀kan lulẹ̀ lónìí, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì rìn ló kù tó lè jẹ èso èyí tí a bá gbìn dípò rẹ̀, bí a bá tilẹ̀ gbin òmíràn.

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Àsàlátù tí ẹ ń ṣe irú, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni irúgbá ń tanná, òdòdó pupa roboto tó ń fì lórí okùn gígùn. Alẹ́ ni òdòdó náà ń ṣí, tí omi dídùn rẹ̀ ń sun, nítorí àdán ni Ọlọ́hun ṣe é fún. Àwọn onímọ̀ méjì, Baker àti Harris, ṣọ́ ọ ní Gánà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1957. Àdán á ti orí òdòdó kan bọ́ sí òmíràn, ìyẹ̀fun inú òdòdó á lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀, ibẹ̀ ni igi ti ń so. Oyin náà ń bá wọn dá sí iṣẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ wa tó ń fi kànnàkànnà ta àdán lulẹ̀ kò mọ̀ pé irú inú ọbẹ̀ ìyá wọn ni wọ́n ń sọ lókùúta. Ẹni tó bá sì ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́, kó jọ̀ọ́ jáwọ́. Ẹ̀dá Ọlọ́hun ni, iṣẹ́ tí a rán an ló ń jẹ́.

Àkókò tí irúgbá àti ẹ̀mì ń tanná yìí, tí ọyẹ́ ti gbẹ koríko, náà ni àwọn kan ń tiná bọ igbó nítorí ẹran ìgbẹ́. Iná yẹn á jó òdòdó, á jó ihò igi, á dé ìdí àpáta. Mo fẹ́ kí a rántí hádíìsì méjì tó wà nínú ìwé Abu Dawud. Ìkíní, láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas: Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti pa ẹ̀dá mẹ́rin, èèrà, oyin, ẹyẹ hudhud ti Ànábì Sùláímọ́nù, àti ẹyẹ tí Lárúbáwá ń pè ní surad. Ìkejì, àwọn sàhábà tiná bọ ilé èèrà kan nínú ìrìn-àjò. Ànábì béèrè ẹni tó ṣe é, ó sì sọ pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jẹ ẹ̀dá níyà àyàfi Olúwa tó ni iná. Ilé èèrà ni ìyẹn o. Kí ni a óò wá sọ nípa ẹni tó fi ògùṣọ̀ àti pẹtiróòlù sun odindi ilé oyin lóru, nítorí ìgò mélòó kan?

Èéfín díẹ̀ ti tó láti fi mú oyin. Àwọn tó ń sin oyin nínú ìjọ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì ń ṣe ilé kẹta tí áyà náà dárúkọ, èyí tí ọmọ ènìyàn ń kọ́. Àpótí pákó ni, tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tò sí lókè rẹ̀, oyin á so afárá mọ́ igi kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fa èyí tó ti kún yọ, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn oyin àti ọmọ wọn. Ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á tún bá a níbẹ̀. Mo gbà pé èyí ló yẹ onígbàgbọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ bàrà, ẹ fetí sílẹ̀. Lórí ìtàkùn kan náà ni òdòdó akọ àti òdòdó abo ti ń yọ. Èyí tó ní kókó kékeré nídìí ni abo. Lẹ́yìn Àsùbá, tí oòrùn bá ti yọ, ni wọ́n ń ṣí. Bí a ó bá fi kírun Àílà, wọ́n ti ń kákò. Láàárín àkókò kékeré yẹn, oyin gbọ́dọ̀ gbé ìyẹ̀fun akọ dé ara abo. Bí kò bá dé, kókó náà á pọ́n, á sì já bọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wí pé òjò ló fà á, tàbí pé ayé ló ń ṣe wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òwúrọ̀ yẹn náà ni a ń gbé oògùn kòkòrò kọ́ ẹ̀yìn wọ oko, tí a ń fọ́n ọn lé oyin lórí lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá ní láti fọ́n oògùn, ẹ dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí Mọgàríbì kù díẹ̀, nígbà tí oyin ti wọlé. Ẹ má fọ́n ọn sórí òdòdó tó ṣí. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní chlorpyrifos, tí àwọn kan ṣì ń rà lábẹ́lẹ̀, NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù Kọkànlá 2024. Àwọn àgbẹ̀ mélòó kan nínú ìjọ wa ti ṣe àdéhùn ìrọ̀lẹ́ yìí láàárín ara wọn lọ́dún tó kọjá. Mo fẹ́ kí gbogbo wa wọ inú rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé kòkòrò kò já mọ́ nǹkan, kó gbọ́ ti Malaysia. Ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n gbìn lọ súà, ó sì di pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ gbé ìyẹ̀fun òdòdó ọ̀pẹ láti igi dé igi. Ní 1981, wọ́n kó kòkòrò bíńtín kan láti Kamẹrúùnù dé ibẹ̀, Elaeidobius kamerunicus lorúkọ rẹ̀, òun ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Kòkòrò yẹn kan náà wà lórí ọ̀pẹ tiwa níhìn-ín, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yídì wá nìyí. Ìgbìmọ̀ mọ́sáláásí àti àwọn ọ̀dọ́ ti fẹnu kò sí i. Ojú ibi tí a ti ń kírun ni kí á ṣán mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká, títí dé ọ̀nà itẹ́, kí á fi sílẹ̀ pẹ̀lú igi àti koríko olódòdó tó wà níbẹ̀, ewúro pàápàá, nítorí oyin fẹ́ràn òdòdó funfun rẹ̀. Ẹ má tú ilẹ̀ ibẹ̀, torí àwọn oyin ìgbẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí. Àwọn ọmọ ilé-kéwú ti gbin irúgbá sínú ọ̀rá, ó ti hù, a óò sì kó o lọ sí àlàfo tó wà níbẹ̀. Kí olúkúlùkù fi ẹ̀gún yí ti ọwọ́ rẹ̀ ká nítorí ewúrẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, Ànábì sọ pé Mùsùlùmí tó bá gbin igi, ohun tí ènìyàn bá jẹ nínú rẹ̀, ohun tí ẹyẹ bá jẹ, ohun tí ẹranko bá jẹ, sàárà ni fún un, títí kan èyí tí wọ́n bá jí níbẹ̀.

Àwọn àgbà kan bi mí pé, bí oyin bá wá ta àwọn tó ń kírun ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. A kò ní gbé àpótí oyin kankan sí Yídì, inú oko tó jìnnà ni wọ́n wà. Oyin tó wá jẹun lórí òdòdó kì í bá ẹnikẹ́ni jà bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ilé rẹ̀ ló ń jà fún. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ oyin tó ṣù mọ́ ẹ̀ka igi, ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, ẹ má sọ òkò, ẹ má dáná. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn yóò ti bá tiwọn lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Bí wọ́n bá wọ òrùlé yín, ẹ sọ fún akọ̀wé mọ́sáláásí, yóò ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń sin oyin kó wá kó wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn Àsùbá ọjọ́ Àlàádì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ mú àdá wá, kí àwọn ọmọ ilé-kéwú mú omi. Ẹ fi oògùn apakoríko sílẹ̀ nílé.