Ẹ̀sùn lórí risífà hóòmù tíátà tí ẹ tà fún ẹgbẹ́ wa

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Risífà tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, àti kásẹ́ẹ̀tì wa tí ẹ̀ńjínnìà yín pa rẹ́

Ní orúkọ ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí owó ẹgbẹ́ la fi ra risífà, ẹ̀rọ tí a ń so fídíò, tẹlifíṣọ̀n àti sípíkà pọ̀ mọ́, tó wà nínú gbọ̀ngàn ìpàdé wa lọ́wọ́ ẹ̀ka yín ní ìlú yìí. Èmi ni akọ̀wé. Èmi náà ni wọ́n ń bi léèrè ohun tí a fi owó wọn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí a bá wá sọ́dọ̀ yín. Láti ìgbà tí fídíò ti délùú ni àwọn ará ẹgbẹ́ wa ti ń gba àwòrán Ojúde Ọba sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ló pọ̀ jù nínú wọn, a sì tún ní kásẹ́ẹ̀tì olóhùn tí àwọn àgbà fi gba orin ẹgbẹ́ àti oríkì sílẹ̀. Téèpù kì í wà títí láé. Ó ń hu, ó ń lẹ̀ mọ́ra, àwòrán inú rẹ̀ ń ṣá. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kó gbogbo wọn sórí dísíìkì. Ẹ̀rọ fídíò méjì la ní, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan, àti ẹ̀rọ DVD tó ń gba àwòrán sílẹ̀. A fẹ́ risífà kan tí gbogbo wọn yóò so mọ́, kí a máa fi rìmóòtù yan èyí tí a fẹ́ dà kọ, kí àwọn ará gbọ̀ngàn sì máa wò ó bó ṣe ń lọ. A kọ gbogbo èyí sínú ìwé. Ọmọ iṣẹ́ yín tó tajà fún wa kà á lójú wa, ó ní risífà yìí yóò ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì pé yóò gba ẹ̀rọ fídíò àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, wíwọlé àti jíjáde. Ẹ̀dà rìsíìtì náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Wíwọlé wà. Jíjáde ni kò sí.

Lẹ́yìn risífà náà, ihò pupa, funfun àti yẹ́lò wà fún ohun tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n risífà tí a bá fẹ́ fi gba nǹkan sílẹ̀ yẹ kó ní ihò mìíràn tí wọ́n kọ REC OUT tàbí VCR OUT sí lára. Ibẹ̀ ni ohùn àti àwòrán ti ń jáde bí wọ́n ṣe wọlé, ibi yòówù kí ẹni tó ń gbọ́ ọ yí fọ́lúùmù dé. Kò sí irú ihò bẹ́ẹ̀ lára èyí tí ẹ tà fún wa. HDMI, ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n òde òní, ló fi ń gbé àwòrán jáde, àti MONITOR OUT kan fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ẹ̀rọ DVD wa kò sì ní HDMI tó ń gba nǹkan wọlé.

Ẹ̀ńjínnìà tí ẹ rán wá rí i pé kò sí. Dípò kí ó sọ fún wa, ó fa àwòrán láti MONITOR OUT, ó fa ohùn láti PRE OUT. Amplifáyà mìíràn ni wọ́n ṣe PRE OUT fún, ohùn tó ń gba ibẹ̀ jáde sì ń tẹ̀lé fọ́lúùmù. Bí àgbà kan bá ní kí a rẹ ohùn sílẹ̀, ohùn inú dísíìkì á lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá tẹ rìmóòtù, nọ́ńbà fọ́lúùmù á yọ lójú àwòrán, á sì wọ inú dísíìkì, kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Èyí tó tún burú ni pé ó fi risífà sórí Dolby Pro Logic, ìlànà tó ń pín ohùn káàkiri sípíkà púpọ̀. Ohùn fídíò àtijọ́ wa kì í ṣe sítẹ́ríò, Pro Logic a sì máa darí irú ohùn bẹ́ẹ̀ sí sípíkà àárín. Ohùn sípíkà òsì àti ọ̀tún níwájú nìkan ni ẹ̀ńjínnìà yín fa wáyà rẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ DVD. A wo dísíìkì tó kọ́kọ́ ṣe: àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá, onílù ń lu ìlù, a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà kan ṣì fẹ́ ẹ̀dà orin lórí kásẹ́ẹ̀tì. Fún ìyẹn, ihò hẹ́ẹ̀dífóònù ló ki wáyà sí, gbogbo sípíkà gbọ̀ngàn sì dákẹ́.

Ẹnìkan ní ẹ̀ka yín sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, nítorí náà ẹ kò ní gbà á padà, pé kí a so fídíò mọ́ DVD tààrà. A kò sọ pé ó bàjẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kì í ṣe ohun tí a ní kí ẹ tà fún wa. Bó bá jẹ́ pé a ó máa fa wáyà yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ kan ki ẹ̀yìn òmíràn nígbàkúùgbà ni, kí la wá ra risífà fún?

N kò tíì dé ibi tó dùn wá jù. A ti ṣẹ́ ike kékeré tó wà létí kásẹ́ẹ̀tì VHS wa gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Nígbà tí ẹ̀ńjínnìà yín fẹ́ dán fídíò kejì wò, kò béèrè kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ́wọ́ wa. Ó mú ọ̀kan nínú tiwa, ó fi sẹ́lótéèpù bo ihò ike náà, ó sì tẹ REC. Ìran tó wà níbẹ̀ ni ìgbà tí ẹgbẹ́ wa lọ júbà níwájú Ọba Síkírù Adétọ̀nà. Kábíyèsí, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà ní oṣù Keje 2025. Àwọn kan lára àwọn tó ṣíwájú wa lọ́jọ́ náà ti kú pẹ̀lú. Ojúde Ọba yóò máa wáyé, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún ìkíni yẹn kí? Ojú búlúù lásán ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀ńjínnìà yín kò tọrọ àforíjì. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ti gbó tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè rèé. Ẹ wá gbé risífà yìí, kí ẹ fún wa ní èyí tó ní REC OUT tàbí VCR OUT fún ohùn àti àwòrán, tàbí kí ẹ dá gbogbo owó wa padà. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti 2018, fún wa ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà nígbà tí kò bá ṣe iṣẹ́ pàtó tí a ti sọ fún ẹni tó tà á. Ní ti kásẹ́ẹ̀tì tó pa rẹ́, a mọ̀ pé kò sí bí ẹ ṣe lè dá a padà. Ẹ kọ lẹ́tà àforíjì sí ẹgbẹ́, kí ẹ sì san owó tí a ó fi fún ẹni tó mọṣẹ́ láti kó àwọn tó kù sórí dísíìkì. Ẹ má sì tún rán ẹ̀ńjínnìà yẹn wá sí gbọ̀ngàn wa.

Bí a kò bá rí èsì gbà, a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú rìsíìtì àti dísíìkì tó kọ́kọ́ ṣe. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa. Ẹ jẹ́ kí èsì yín ti wà lọ́wọ́ mi kí ọjọ́ náà tó pé, kí n lè kà á fún wọn.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́,
Ìjẹ̀bú-Òde.