Màámi, 12 kọ̀, 30 gbà

Màámi, ẹ kú ilé o, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni mo wà ní Szeged ní Hungary níbí, òtútù ti ń dé létí odò Tisza, mo ti ra kóòtù, ẹ má dààmú. Ẹ bi mí lórí fóònù ní Sọ́ńdè pé kí ni mò ń kà gan-an tí kò tán, mo kàn ní "ìṣirò ni mà", ó sì ń dùn mí látìgbà yẹn torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní LCM àti HCF lórí sílétì, òun náà ni mo ṣì ń kà o.

Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà tó pín 12 tí kò ṣẹ́kù: 1, 2, 3, 4, 6, 12. Ẹ mú méjì tó bá wù yín, LCM wọn wà níbẹ̀, HCF wọn náà wà níbẹ̀. Lattice nìyẹn. Distributive ni wọ́n ń pè é torí HCF máa ń wọnú LCM bí ẹ ṣe kọ́ wa pé táìmù máa ń wọnú bírákẹ́ẹ̀tì. Dedekind ará Jámánì ti kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1897, ibi HCF yìí náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀!

Ó dáa, ká ní a fẹ́ máa ka 2 sí 1. Ideal wa, ìyẹn àwọn tí a ń kà sí 1, ni 1 àti 2: ohun tó bá pín wọn ò gbọdọ̀ sí níta, LCM wọn náà ò gbọdọ̀ jáde. Ẹ wá fi 2 ṣe LCM pẹ̀lú gbogbo wọn, àwọn tí ìdáhùn wọn bá jọra ti di ọ̀kan: 1 àti 2, 3 àti 6, 4 dá wà, 12 dá wà. Congruence nìyẹn, LCM àti HCF ò sì bàjẹ́ rárá.

Ibi tó gba oorun lójú mi rèé. Ẹ jẹ́ kí ideal yẹn jẹ́ 1 nìkan, congruence méjì ló máa tọ̀ ọ́ wá nínú 12: èyí tí kò so ẹnikẹ́ni pọ̀, àti èyí tó so 2 mọ́ 4, tó so 6 mọ́ 12. Téèyàn bá wá fún mi ní ideal lásán, èwo ni kí n mú? Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà tó pín 30 ò rí bẹ́ẹ̀, ideal kan congruence kan ni, torí níbẹ̀ olúkúlùkù ló ní ẹnìkejì: 2 ní 15, LCM wọn 30, HCF wọn 1. Nínú 12, 2 ò ní ẹnì kankan. Hashimoto ará Japan ló fìdí irú ẹ̀ múlẹ̀ ní 1952, mo ka pépà yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé sílétì, ẹ gbìyànjú 18 àti 42, mo máa pè ní Sọ́ńdè kí ẹ sọ èyí tó gbà fún mi, ìyẹn èyí tó jẹ́ ideal kan congruence kan.

Èmi ọmọ yín.